Saguaro National Park ní Tucson: ibi tí mo ń gbé ọkọ mi lọ nígbà ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín wà lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tó sì jẹ́ pé Arizona lẹ wà, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Apá ìlà-oòrùn Saguaro National Park, ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà tó wà nínú aṣálẹ̀, lẹ́bàá òkè Rincon, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un, n ò yọ ẹyọ kan.

Kò dìgbà tí aláìsàn bá rìn kó tó gbádùn ibẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà kan wà tó ń jẹ́ Cactus Forest Drive, máìlì 8, tó yí aṣálẹ̀ po tó sì tún gbé yín padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ti pàdé ọkọ̀. Èmi á wa mọ́tò, Bàbá Tọ́pẹ́ á tẹ ìjókòó wọn sẹ́yìn díẹ̀, a ó sì máa rọra lọ. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, a dúró. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, a máa ń sọ̀ ní Desert Ecology Trail: ìdá mẹ́rin máìlì kan péré ni, wọ́n ti ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ń yí geere lórí rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń ṣe wọ́n. Oxaliplatin wà lára oògùn tí wọ́n ń fà sí wọn lára, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n mọ ohun tí òtútù máa ń fojú ẹni rí lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn fìríìjì, gbogbo ọmọ ìka wọn á máa ta. Omi tútù á fẹ́ dí wọn lọ́fun. Ilé wa di ibi tí à ń ṣọ́ra fún ohun gbogbo, títí kan ṣíbí onírin. Ṣùgbọ́n nínú aṣálẹ̀, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé òkúta tí oòrùn ti yá, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Igi saguaro fúnra rẹ̀, ìyẹn cactus ńlá ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi sọ ọgbà náà lórúkọ, kì í kánjú. Ó máa ń tó ọdún 50 sí 75 kó tó yọ apá, ó sì lè lo ọdún 150 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Abẹ́ ibòji igi mìíràn, bíi palo verde, ni ọmọ rẹ̀ sábà máa ń dàgbà. Ẹyẹ àkókó ibẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò sí i lára láti fi ṣe ilé. Igi náà á wá fi èèpo líle bo inú egbò ọ̀hún kí omi ara rẹ̀ má baà jò dànù, bí àkókó bá sì kó lọ, òwìwí kékeré á wọlé síbẹ̀. Ọkọ mi gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú lọ́jọ́ kan, wọ́n wo ihò kan títí, ni orí ẹyẹ bá yọ. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, onílé rèé o, ó ń bi wá pé ta ló rán wa wá." A rẹ́rìn-ín gan-an. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wa kì í ju ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ṣé àkókò yìí ló yẹ ká máa ṣe fàájì. Àkókò yìí gan-an ni.

Láti ìparí oṣù Kẹrin wọ oṣù Kẹfà ni òdòdó funfun rẹ̀ máa ń yọ. Òru ló ń là, ó sì máa ń pa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ tètè jí. Kò nira fún tiwa, torí dexamethasone tí wọ́n ń fún wọn kí èébì má baà gbé wọn ti lé oorun lọ. Nídàájí ẹ ó rí àdàbà tó ń ki orí bọ inú òdòdó, ẹ ó sì rí ẹyẹ tó jọ àparò tó ń kó ọmọ rẹ̀ sọdá títì.

Ẹ fi ọ̀sán ìgbà ooru sílẹ̀ pátápátá. 5-FU, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fà síni lára pẹ̀lú oxaliplatin, máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara, ẹ wá fìlà eléteetí àti aṣọ alápá gígùn. Omi tẹ́ ẹ bá gbé dání, ẹ má fi yìnyín sí ti aláìsàn. Ẹ jìnnà sí cholla, irú cactus mìíràn, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kọ́ni lára, egbò kékeré kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà ti dín kù lára rẹ̀. Bí ara aláìsàn bá gbóná tó 38°C, ẹ pe àwọn dókítà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìrìn àjò ti parí lọ́jọ́ náà.

$25 ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan fún ọjọ́ 7, ti ọdún kan gbáko jẹ́ $45. Ti ọdún ni kí ẹ san. Ẹ ò lè mọ ọjọ́ tí ara máa yá, bó bá sì yá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ kàn máa wọ mọ́tò ni.