Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀sán Sátidé ní Ìjẹ̀bú-Òde: Adájọ́, Òṣèlú àti Àlàpà Àwọn Pueblo

Ilé ìkàwé aládàáni kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán Sátidé fún ẹnikẹ́ni tó bá san owó ìjókòó. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni ètò wọn lórí àwọn ìlú àtijọ́ àwọn Pueblo, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti lórí bí àwọn adájọ́ ṣe ń pinnu ẹni tó láṣẹ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àfi ibì kan tó dùn mí pé wọ́n fò.

Ọ̀dọ́mọbìnrin awalẹ̀pìtàn kan, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi àwòrán àfonífojì Chaco ní ìpínlẹ̀ New Mexico hàn wá lára ògiri, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Pueblo ti fi òkúta àti amọ̀ kọ́ àwọn ilé ńlá láàárín nǹkan bí ọdún 850 sí 1150. Ọ̀kan nínú wọn, Pueblo Bonito, ní yàrá tó lé ní 600, ó sì ga tó ilé alájà mẹ́rin láwọn ibì kan. Púpọ̀ nínú àwọn ìtì igi tí wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀ ló wá láti orí òkè tó jìnnà ju 70 kìlómítà lọ, láìsí ẹṣin, láìsí kẹ̀kẹ́. Orí àti èjìká ènìyàn ló gbé e dé.

Ohun tí n kò ní gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí ni ègé igi tíìkì kan, tí ó gbà lọ́dọ̀ àwọn alápákó, tí ó sì fi lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí àwọn òrùka inú rẹ̀: èyí tó fẹ̀ ni ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, èyí tó tín-ín-rín ni ọdún ọ̀dá. Ọ̀nà yìí gan-an ni A. E. Douglass, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ka ọjọ́ orí àwọn àlàpà náà, nígbà tí wọ́n rí ìtì igi kan tó ti jóná ní Show Low, ní Arizona, ní ọdún 1929, tí òrùka inú rẹ̀ so kàlẹ́ńdà igi àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti ìgbà tiwa. Láti ọdún náà ni awalẹ̀pìtàn ti lè sọ ọdún pàtó tí wọ́n gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi àjà náà. Àwọn òrùka yìí kan náà ló sọ nípa ọ̀dá ńlá tó mú láti 1276 títí dé 1299, ní àsìkò tí àwọn Pueblo tó wà ní Mesa Verde, ní ìpínlẹ̀ Colorado, kó kúrò nílùú wọn. Àǹtí tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò parun: àwọn Hopi, Zuni, Acoma àti àwọn mìíràn tó wà láàyè lónìí ni ọmọ wọn, òfin ọdún 1990 sì fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba egungun àwọn baba wọn padà lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Lẹ́yìn ìsinmi (gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti omi tútù, ó sì dára púpọ̀) ni agbẹjọ́rò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Lọ́yà, bọ́ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fọwọ́ sí ní ọdún 1906, èyí tó fún Ààrẹ láṣẹ láti ya ilẹ̀ ìjọba tí àlàpà tàbí ohun ìtàn wà lórí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ya Chaco sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n bá yà kò gbọdọ̀ tóbi ju èyí tí ìtọ́jú ohun náà béèrè lọ, orí gbólóhùn yìí ni gbogbo awuyewuye dúró lé. Ní ọdún 1920, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbè sẹ́yìn Ààrẹ nínú ẹjọ́ Cameron, ẹni tó ń du ilẹ̀ kùsà létí Grand Canyon, àfonífojì ńlá kan ní Arizona. Lórí Bears Ears ní Utah, tí àlàpà àwọn Pueblo pọ̀ sí, Obama ya ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù éékà kan sọ́tọ̀ ní 2016, Trump gé èyí tó pọ̀ jù kúrò ní 2017, Biden sì dá a padà ní 2021. Ní ọdún 2021 yẹn náà ni Adájọ́ Àgbà John Roberts kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ẹjọ́ mìíràn, pé wọn kò ka gbólóhùn òfin náà lórí ìwọ̀n ilẹ̀ sí tó bó ṣe yẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹni tó yan adájọ́ ni adájọ́ ń ṣe tirẹ̀?” Bàbá dáhùn pé: “Ka ìdájọ́ náà tán ná, ọmọ mi, kí o tó béèrè ẹni tó yàn án.” Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ ló ń yan adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, Ilé Aṣòfin Àgbà a fọwọ́ sí i, kò sì sí ọjọ́ orí tí òfin ní kí ó fẹ̀yìn tì, lọ́dọ̀ tiwa, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ló ń dá orúkọ lábàá fún Ààrẹ, Ilé Aṣòfin Àgbà a fọwọ́ sí i, adájọ́ a sì fẹ̀yìn tì ní ẹni 70 ọdún. Ó ní ibi tí òfin bá ti dákẹ́ ni èrò ọkàn adájọ́ ti ń ráyè wọlé, àti pé adájọ́ tó mọ iṣẹ́ ni èyí tó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn débi pé ẹni tó pàdánù pàápàá yóò lè tọ ipasẹ̀ èrò rẹ̀. N kò tíì gbọ́ àlàyé tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí wọ́n fò ni Eredo Súngbọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n fi kàn án ní ìparí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú la jókòó sí. Yàrà àti odi tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà ni, ó jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 1995. Òfin ọdún 1979 fún àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ níṣẹ́ láti tọ́jú irú ibi bẹ́ẹ̀, Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń sọ pé ti baba àwọn ni. Bí ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì bá da iyẹ̀pẹ̀ dí yàrà náà, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́, kí ni adájọ́ yóò sì dì mú? Ìbéèrè tó yẹ kí Bàbá Lọ́yà fi odindi ọ̀sán kan túpalẹ̀ nìyẹn, ní Òkè-Ẹ̀rí gan-an, kí Àǹtí sì dúró sínú yàrà kí ó máa fi ara odi hàn wá. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àbá wọn, mo sì rọ ẹni tó bá lọ kí ó kọ tirẹ̀ náà.

Owó ìjókòó kò wọ́n, ìdajì sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo díẹ̀, nítorí náà kí ẹ tètè dé kí ẹ lè rí àga iwájú, kí ẹ sì mú bírò àti ìwé dání, torí Bàbá Lọ́yà kì í pín fọ́tòkọ́pì.