Ọ̀nà méjì láti gba èèyàn padà lọ́wọ́ ikú

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ abanilẹ́rù ní Kábà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ẹ wo ìtàn àtijọ́ méjì yìí. Ti Gíríìsì kò gùn: Orpheus olórin fi dùùrù tu àwọn aláṣẹ ìlú òkú lójú, wọ́n yọ̀ǹda Eurydice ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní kó má bojú wẹ̀yìn lọ́nà, ó bojú wẹ̀yìn, obìnrin náà pòórá. Ó dùn, àmọ́ èèwọ̀ kan péré ló gbé e ró.

Ti Sumer, ilẹ̀ àtijọ́ kan níbi tí Iraq wà lónìí, ló wọ̀ mí lára. Inanna, òrìṣà obìnrin wọn, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú òkú, wọ́n pa á, wọ́n sì fi òkú rẹ̀ kọ́ sára ìkọ́. Nígbà tó jí, àwọn iwin tẹ̀ lé e bọ̀: àfi kó fi ẹlòmíì dípò! Ó bá Dumuzi ọkọ rẹ̀ lórí ìtẹ́, nínú aṣọ iyì, kò ṣọ̀fọ̀ rárá. Ó ní kí wọ́n máa mú un lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wá sílẹ̀ Okun, ẹ jẹ́ kí agbo-ilé jókòó, kí wọ́n yan ẹni tí yóò lọ.