Rolling Stones láti 1989 wá: èwo lẹ máa rà, èwo lẹ máa fi sílẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwo ayé àtijọ́ ti Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò nílò ìmọ̀ràn tèmi, gbogbo ayé ti sọ fún un pé Sticky Fingers àti Exile on Main St. ni kó lọ gbé, ó tán. Àwọn àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí irun ti ń funfun ni ìjà wà. Láàárín 1989 sí 2023, àwo sítúdíò 6 péré ni wọ́n gbé jáde, ọdún 34 o, àwọn olólùfẹ́ wọn ò sì tíì fẹnu kò lórí ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ṣe ń jáde báyìí làwọn oníwèé ìròyìn á máa pariwo pé eléyìí ló dáa jù látìgbà Some Girls, àwo wọn ti 1978, tó bá fi máa di ọdún kejì ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́, títí tí òmíràn á tún fi jáde tí wọ́n á tún sọ ohun kan náà.

Nǹkan méjì lèmi máa ń wò kí n tó sọ fẹ́nì kan pé kó náwó ẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn. Àkọ́kọ́, ṣé èèyàn ń gbọ́ ìlù Charlie Watts, onílù wọn, dáadáa níbẹ̀ àbí pródúsà ti kó nǹkan bò ó mọ́lẹ̀. Ìkejì, báwo ló ṣe gùn tó. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Nígbà tó jẹ́ pé àwo dúdú ńlá yẹn la fi ń gbọ́ orin, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú kan ń gbà, orin tí ò bá gbóná tó ò ní ráyè wọlé. Sídì ló bá dé tòun ti ìṣẹ́jú 74, ni Mick Jagger tó ń kọrin àti Keith Richards onígìtá bá ń kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ síbẹ̀, torí ta ló máa kojú àwọn méjèèjì yẹn pé orin yín yìí ò tó o?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Steel Wheels (1989) sẹ́gbẹ̀ẹ́ Voodoo Lounge (1994), torí àwọn yẹn lẹ máa tètè rí tẹ́ ẹ bá ń tú òkìtì sídì tòkunbọ̀.

Àwo ìparí ìjà ni Steel Wheels. Mick àti Keith ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká pátápátá, Mick lọ ṣe àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀, Keith náà ṣe Talk Is Cheap ní 1988, kí wọ́n tó wá pàdé ní Barbados tí wọ́n jọ kọ orin tuntun, tí wọ́n sì lọ gbohùn sílẹ̀ ní AIR Studios ní erékùṣù Montserrat (ìjì Hugo ba sítúdíò yẹn jẹ́ ní September ọdún yẹn gan-an, kò ṣí mọ́ láéláé). Orin wà nínú ẹ̀, mi ò ní purọ́. Mixed Emotions ń lọ geere, Slipping Away tí Keith fi parí ẹ̀ wà lára ohun tó dáa jù tí ọkùnrin yẹn fi ohùn ara ẹ̀ kọ rí. Continental Drift tún wà níbẹ̀, tí wọ́n lọ bá àwọn onílù àti onífèrè Jajouka ṣe ní Tangier ní Morocco. Fèrè tí wọ́n ń fun yẹn, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àlgáítà àwọn Hausa rí ẹ máa dá a mọ̀ kíá, torí orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ghaita. Bill Wyman ṣì ń ta béèsì, òun nìyí kó tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Wàhálà ẹ̀ ni pé wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ jù, bí gbogbo nǹkan ṣe ń dún nígbà yẹn ló ṣe ń dún, ìlù Charlie ń dún bí ẹni pé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kó gbogbo àga kúrò ló ti ń lù ú.

Voodoo Lounge ṣe ìdàkejì. Don Was ni wọ́n gbé wá ṣe pródúsà, ọkùnrin yẹn ò fẹ́ kí wọ́n dún bí ará 1994, ó fẹ́ kí wọ́n dún bí ara wọn. Ilé Ronnie Wood, onígìtá wọn kejì, ní Ireland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n wá lọ gbohùn sílẹ̀ ní Dublin, Darryl Jones tó ti bá Miles Davis ṣiṣẹ́ ló gba béèsì lọ́wọ́ Bill. Ẹ wá gbọ́ ìlù! Bí Charlie ṣe ń gbá a lórí You Got Me Rocking, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án. Lórí Moon Is Up, garawa ìdọ̀tí ló gbé síbi àtẹ̀gùn ilé tó ń lù, ó sì dùn ju ọ̀pọ̀ ìlù olówó gọbọi lọ. The Worst àti Thru and Thru tí Keith kọ, àwọn yẹn nìkan tó owó sídì. Grammy fún àwo rọ́ọ̀kì tó dáa jù náà gbé e. Àmọ́ orin 15, ó lé ní wákàtí kan, ẹ máa rí i pé láàárín ibẹ̀ lẹ máa dìde lọ bomi mu. Èmi á yọ mẹ́rin kúrò, Sweethearts Together ni màá sì kọ́kọ́ yọ.

Nínú àwọn méjèèjì, Voodoo Lounge ni kẹ́ ẹ rà. Steel Wheels, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ohùn ìgbà yẹn tàbí tó fẹ́ gbọ́ Bill ló ń wá a.

Bridges to Babylon (1997) ni èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn kan ní òun ni wọ́n fi ṣe ìgboyà gbẹ̀yìn, àwọn kan ní ọ̀gbẹ́ni tó ti dàgbà wọ ṣòkòtò ọmọ ẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Mick fẹ́ àwọn pródúsà ìgbàlódé, ó wá pe Dust Brothers àti Danny Saber, Keith ò gbà, ó dúró ti Don Was, kálukú wá ń ṣe tiẹ̀ ní yàrá tiẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ kedere, àwo méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni. Anybody Seen My Baby? kù díẹ̀ kó dẹjọ́, torí ègbè ẹ̀ jọ Constant Craving ti k.d. lang jù, ọmọ Keith ló kọ́kọ́ fura sí i, ni wọ́n bá yáa fi orúkọ k.d. lang àti Ben Mink kún àwọn tó kọ orin náà kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Lápá ti Keith ni oúnjẹ gidi wà: mẹ́ta ló kọ fúnra ẹ̀ nínú orin 13, méjì tó gbẹ̀yìn wọnú ara wọn, Wayne Shorter wá fun saksofóònù lórí How Can I Stop, Charlie wá fi ìlù jáásì parí ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ṣe ń dá àwo yìí láre. Ẹ ra sídì ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ má rà á lówó ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò gbé àwo sítúdíò tuntun jáde fún ọdún 8 kí A Bigger Bang (2005) tó dé. Àìsàn jẹjẹrẹ ọ̀fun mú Charlie ní 2004, nígbà tó ń gbàtọ́jú ni Mick àti Keith jókòó sílé Mick ní Faransé, àwọn méjì péré, wọ́n ń kọ orin, Mick tún ń ta béèsì fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi le, tó sì gbẹ, kò sí èrò lẹ́yìn wọn. Rough Justice ò bẹ ẹnikẹ́ni, Back of My Hand jẹ́ búlúùsì pọ́ńbélé tí Mick fọwọ́ ara ẹ̀ ta gìtá níbẹ̀. Àmọ́ 16! Orin 16! Ó ju ìṣẹ́jú 60 lọ, wọ́n tún wá fa ohùn sídì ẹ̀ sókè débi pé tẹ́ ẹ bá fi earphone gbọ́ ọ tán etí á máa ro yín. Tí wọ́n bá mú 10 nínú ẹ̀ tí wọ́n sì jù Streets of Love sígbó, òun ni mi ò bá fi ṣe nọ́ńbà wáànù láìronú.

Blue & Lonesome (2016) àti Hackney Diamonds (2023) lẹni tó ń ra tuntun nínú ọ̀rá máa ń rò pọ̀, wọn ò sì jọra rárá.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe Blue & Lonesome, ní December 2015, ní British Grove ní London. Orin tuntun ni wọ́n lọ ṣe, ó ń le, ni wọ́n bá ní ká fi orin búlúùsì Little Walter kan na ara, ó bá dùn, wọn ò dúró mọ́. Orin 12, ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìran olórin búlúùsì Chicago bíi Howlin' Wolf àti Magic Sam, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n kọ fúnra wọn, torí ẹ̀ làwọn kan fi ní kò yẹ ká kà á mọ́ àwo. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mick fun hàmóníkà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó, Eric Clapton wà ní sítúdíò yẹn nígbà náà ló bá yà wọlé ta gìtá sí méjì, gbogbo wọn wà ní yàrá kan, ẹ máa gbọ́ yàrá yẹn gan-an. Òun tún ni àwo sítúdíò tó jáde gbẹ̀yìn kí Charlie tó kú ní August 2021. Ìṣẹ́jú 42. Ẹ ò ní fo orin kankan.

Hackney Diamonds lágbára ju Blue & Lonesome lọ ní ti orin tí wọ́n kọ fúnra wọn, ohùn ẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Andrew Watt tó ṣe pródúsà ẹ̀ kó gbogbo nǹkan síwájú, gbogbo ẹ̀ ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àyè mímí. Steve Jordan tó bá Keith ṣe Talk Is Cheap ló ń lu ìlù, ó mọṣẹ́ gan-an, kì í kàn án ṣe Charlie ni. Charlie wà lórí méjì, Mess It Up àti Live by the Sword, Bill Wyman padà wá ta béèsì lórí ìkejì yẹn, Elton John wà níbẹ̀ pẹ̀lú dùùrù. Paul McCartney (ẹni tó wá gbohùn sílẹ̀ ní EMI ní Àpápá ní 1973, àwọn àgbà Èkó kan ò tíì gbàgbé) ta béèsì oníjàgídíjàgan lórí Bite My Head Off. Orin tó ta gbogbo wọn yọ ni Sweet Sounds of Heaven, Lady Gaga ń lé Mick, Mick ń lé e padà, Stevie Wonder sì ń tẹ dùùrù sábẹ́ wọn, ó lé ní ìṣẹ́jú 7, ẹ ò sì ní mọ̀. Mick ti pé 80 nígbà tó jáde o! Orin Muddy Waters, àgbà olórin búlúùsì, tí wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi parí ẹ̀, Mick àti Keith nìkan.

Tó bá jẹ́ owó àwo kan ló wà lọ́wọ́ yín, Blue & Lonesome, àwo dúdú ńlá ni kẹ́ ẹ gbé, torí ó bá a mu ju sídì lọ. Àmọ́ ẹni tí búlúùsì ò bá wọ̀ lára rárá, kó ràn mí lọ́wọ́ má rà á, kó gbé Voodoo Lounge. Ẹni tí ò gbọ́ wọn rí tó jẹ́ pé orin òde òní ló mọ̀, Hackney Diamonds ni kẹ́ ẹ fún un, kò ní sá.

Nípa rírà: àwọn ti 1989 sí 1997, sídì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ súà, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba ẹ ní kí wọ́n yẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù charity wò, wọ́n máa ń kún ibẹ̀. Àwo dúdú ti 1994 àti 1997 lọ̀wọ́n, torí ìwọ̀nba ni wọ́n tẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń dá owó gbọnran lé e. Wọ́n ti tún wọn tẹ̀ látìgbà náà ní àwo méjì méjì, àtúntẹ̀ yẹn dáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan fi "original" gbowó lọ́wọ́ yín. Ti Hackney Diamonds, oríṣiríṣi páálí ni wọ́n ṣe fún un, kódà wọ́n ṣe tàwọn ẹgbẹ́ baseball Amẹ́ríkà níkọ̀ọ̀kan, orin kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ra èyí tó bá kéré jù lówó.