Bíléèdì Ayùn Eléyín Kábáìdì: Èwo Ló Yẹ Pákó Tí À Ń Gé?

Pákó tí à ń rà ní ọjà Amu ní Muṣin kì í sábà gbẹ tán kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà igi tútù ni mo kọ́kọ́ fi ń dán bíléèdì ayùn ẹ̀rọ, àwo irin eléyín tí ń yí, wò. Méjì ni mo yẹ̀ wò níbí, eléyín 24 àti eléyín 60. Íńṣì 10 ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jó eyín kábáìdì, ìyẹn tungsten carbide, mọ́ etí àwo irin wọn.

Eléyín 24 ni mo fi ọkàn tán jù fún lílà pákó ní gígùn. Àlàfo àárín eyín rẹ̀ fẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi ń rí ọ̀nà jáde, ẹ̀rọ kì í sì í kérora kódà bí pákó ọ̀mọ̀ náà bá nípọn tó íńṣì 2. Orí eyín rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì dagun síwájú ní ìwọ̀n dígírì 20, èyí tí ó ń mú kí wọ́n jẹ igi wọlé kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gé páìwúùdù, nítorí yóò ya ojú rẹ̀ jágbajàgba.

Iṣẹ́ yẹn, àti gígé pákó ní ìbú, ni ti eléyín 60. Orí eyín rẹ̀ dagun, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, wọ́n sì ń ge iṣan igi bí ọ̀bẹ mímú, tí ojú ibi tí ó gé kì í fi í béèrè séńdípépà púpọ̀. Bí a bá fi í la igi tútù ní gígùn, yóò gbóná, oje igi yóò sì jóná mọ́ ọn lára. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjèèjì lè ra eléyín 40, tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì níwọ̀nba.

Ìrókò ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tí èròjà kan tí à ń pè ní kálísíọ́mù kábónéètì dì sínú igi náà nígbà tí ó ṣì wà lórí ìdúró, ojú kì í sì í sábà rí i láti ìta. Kábáìdì le ju irin lọ, kì í tètè kú, àmọ́ fífọ́ ni ó máa ń fọ́, kì í tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo bí eyín ṣe nípọn tó kí n tó sanwó, torí eyín tó nípọn ṣeé pọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Òkúta dáyámọ́ńdì ni wọ́n sì ń fi pọ́n ọn, kì í ṣe fáìlì. Kí a tún wo ìdí eyín kọ̀ọ̀kan dáadáa, bóyá ibi tí wọ́n jó kò ní ihò.

Ihò àárín bíléèdì gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá ẹ̀rọ mu: ti àwọn ẹ̀rọ Yúróòpù sábà máa ń jẹ́ mílímítà 30, ti Amẹ́ríkà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan tí wọ́n kọ sára bíléèdì kò sì gbọdọ̀ dín sí ti ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀mí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ wà lórí rẹ̀.