Little Moreton Hall: Ilé Onígi Tí Káfíńtà Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sí Lára

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn kọ́lé ní Kubwa àti Gwarinpa ní Abuja níbí, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń wò lára ilé ni ibi tí igi ti pàdé igi, àti ọ̀nà tí ẹrù òrùlé ń gbà dé ilẹ̀. Ojú yẹn ni mo fi wo Little Moreton Hall nígbà tí mo lọ bẹ ọmọ mi wò ní Manchester, òun náà ni mo sì fẹ́ fi ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará wa tí ẹ máa ń lọ sí Ìlú Ọba, tí ẹ kì í sì í kọjá Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀bá ìlú Congleton, ní Cheshire, ni ilé náà wà. Ìdílé Moreton, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ńlá ládùúgbò náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì ń fi kún un títí di nǹkan bí ọdún 1610. Láti ọdún 1938 ni ó ti wà lọ́wọ́ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀. Yàrà olómi yí i ká, orí afárá sì ni ènìyàn ń gbà dé ilé ẹnu ọ̀nà kí ó tó bọ́ sí àgbàlá. Ẹni tó bá ti wọ ilé Hausa àtijọ́ rí ní Kano tàbí Zaria, tó ti gba inú zaure, yàrá ẹnu ọ̀nà, kọjá kó tó rí ojú onílé, yóò mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Igi oak ni egungun ilé náà, ìta gbangba ni egungun ọ̀hún sì wà. Wọ́n gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, wọ́n ki ahọ́n bọ ihò, wọ́n sì fi èèkàn igi gbá méjèèjì pọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n hun bí ìgbà tí à ń hun agbọ̀n, tí wọ́n wá fi amọ̀ rẹ́, ni wọ́n fi dí àlàfo àárín igi. Àwọ̀ dúdú àti funfun tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò kì í ṣe àtìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú un dé, nítorí pé tẹ́lẹ̀ rí ńṣe ni wọ́n ń fi igi náà sílẹ̀ kí ó máa hewú fúnra rẹ̀.

Nínú àgbàlá, ẹ ó rí àwọn fèrèsé ńlá tó yọ síta lára ògiri, tí dígí wẹ́wẹ́ kún inú wọn, tí wọ́n fi òjé so pọ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára igi òkè wọn pé William Moreton ló ní kí wọ́n ṣe wọ́n ní ọdún 1559, àti pé Rycharde Dale, káfíńtà, ló ṣe wọ́n nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ onílé àti ti ẹni tó wá ṣílé ni mo ń rí lára òkúta ìrántí. N kò tíì rí orúkọ káfíńtà rí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò kọ ọ́ sára ilé kankan.

Àjà kẹta ni àbùkù ilé náà wà. Ó jọ pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lápá ibẹ̀ ni wọ́n tó pinnu láti gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lé e lórí, ó gùn tó nǹkan bí mítà 21, òkúta pẹlẹbẹ tó wúwo gan-an ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ kò retí ẹrù yẹn. Ògiri tẹ̀, ilẹ̀ àjà náà ń dìde, ó ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì di dandan nígbà tó yá kí wọ́n fi irin dì í mú. Oníbàárà mi kan fi àjà kẹta kún ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àjà méjì, kò sì tó ọdún kan tí ògiri fi là. Igi oak a máa tẹ̀ kó tó ṣẹ́, oríkèé rẹ̀ a sì máa yẹ̀ díẹ̀. Kọnkéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àga àti tábìlì kò pọ̀ nínú ilé náà, èyí sì dára lójú mi, nítorí ojú ráyè wo igi. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹni tí orúnkún ń dùn sì mọ̀ pé àtẹ̀gùn ló lọ sókè. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ dúró ní àgbàlá, ẹ gbójú sókè, kí ẹ ka orúkọ Rycharde Dale.