Ọgbà onírin alábala mẹ́jọ fún ọmọ ajá tó ń dá wà nílé: ohun tí mo rí níbẹ̀

Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀: ọgbà yìí dáa, a ṣì ń lò ó nílé wa, tí wọ́n bá sì jí i gbé lónìí, màá ra òmíràn lọ́la. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, pé èèyàn lè lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àga, wáyà iná àti kápẹ́ẹ̀tì ni ọgbà ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ajá. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, ọgbà kò rí tìyẹn ṣe.

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn tiwa, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn: Ṣọ́lé ni akọ, Dúdú ni abo. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8 nígbà tí wọ́n kúrò lábẹ́ ìyá wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ fún yín, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Èmi àti ìyàwó mi là ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ilé á sì dá. Ìdí tá a fi ra ọgbà nìyẹn.

Abala irin 8 ló wà nínú páálí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 61, ó sì ga tó 91. Irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń so abala kan mọ́ èkejì, ọ̀kan nínú wọn sì ní ilẹ̀kùn tó ní ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀ tirẹ̀. Èèyàn lè dá a tò, tó bá sì ká a tán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbà á. Wọ́n ń ta èyí tó ga ní 61 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ajá tó máa di ńlá á ti fo ìyẹn kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí, torí ìwé tó bá a wá kò sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá to abala méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó di onígun mẹ́rin, ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí kò ju nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 1.5 lọ. Irin kan náà, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó di onígun mẹ́jọ, ó di bíi 1.8. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé e ti igun yàrá, tí ògiri jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì, tí abala mẹ́rin-mẹ́rin wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù, ilẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn láìfi owó kún un. Ohun tó gbà ni kẹ́ ẹ de etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri dáadáa, torí Ṣọ́lé máa ń fi èjìká ti ibi tó bá ti rí i pé ó ń mì, kẹ́ ẹ sì gbà pé eyín máa kan ọ̀dà ògiri.

Kì í ṣe fáàrí ni ilẹ̀ tó fẹ̀. Ajá kì í fẹ́ dọ̀tí síbi tó ń sùn sí. Ohun tí kéèjì kékeré, ìyẹn àpótí onírin tí wọ́n ń ti ajá mọ́, gbára lé nìyẹn. Kéèjì dáa fún wákàtí kan, ó dáa lóru pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí wọ́n tì mọ́ ọn ju bó ṣe lè mú ìtọ̀ mọ́ra lọ, tipátipá ló máa tọ̀ sórí ibùsùn rẹ̀. Tí ìyẹn bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, kò ní kà á sí nǹkan kan mọ́, ọ̀pọ̀ oṣù lẹ sì máa fi jìyà rẹ̀. Nínú ọgbà, ibùsùn wà ní ìkángun kan, pádì ìtọ̀, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ tó ń fa omi mu tí wọ́n á máa tọ̀ sí, wà ní ìkángun kejì, abọ́ omi tá a fi kọ́ mọ́ irin wà láàárín. (Abọ́ tá a bá gbé sílẹ̀ lásán, bàtà ni Dúdú ń fi ṣe. Ó ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́.)

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ó. Ohun tí àwọn tó ń sin ajá máa ń sọ fúnra wọn ni pé kẹ́ ẹ mú iye oṣù tí ọmọ ajá ti lò láyé, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan kún un: iye wákàtí tó lè mú ìtọ̀ mọ́ra lọ́sàn-án nìyẹn, òun náà kò sì dájú. Olóṣù méjì, wákàtí 3, tó bá gbìyànjú. Iṣẹ́ wákàtí 8, pẹ̀lú àlọ àti àbọ̀, lè di 10. Kò sí irin tó lè dí àlàfo yẹn. Ní Sweden, òfin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí: ajá tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ jáde ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 6 lójú ọ̀sán, ọmọ ajá sì gbọ́dọ̀ máa jáde jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, àgbà obìnrin kan tó ń gbé nítòsí wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, là ń sanwó fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá ń wá lójúmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ajá kéré, ó di ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí wọ́n lé lóṣù mẹ́rin. Ìyá á kó wọn jáde, wọ́n á tọ̀, wọ́n á sáré, wọ́n á sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán, torí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kí ọmọ ajá máa jẹun lójúmọ́. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló tiẹ̀ le jù fún: tébi bá pa wọ́n pẹ́, ṣúgà ara wọn lè lọ sílẹ̀ débi tí wọ́n á máa gbọ̀n. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn tó pé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, wọn kì í kọjá àgbàlá wa, níbi tí ajá àjèjì kì í dé, nítorí parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó ń ràn láàárín ajá, tó sì lè pa ọmọ ajá. Mo máa ń bi Ìyá pé, "Ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu?" Èsì kì í yí padà: "Àwọn wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi wọ́n sílẹ̀ lẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Fóònù àtijọ́ kan là ń fi wò wọ́n láti ibi iṣẹ́. Kò sí eré kankan níbẹ̀, oorun ni. Ọmọ ajá lè sun wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Ìgbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn ni igbe máa ń le jù, ìyẹn náà sì rọlẹ̀ torí pé ìgbà tá a wà nílé la ti jẹ́ kí ọgbà mọ́ wọn lára. Inú rẹ̀ la ti ń fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà la wá ń bọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tá à ń fà á gùn. Ẹni tó bá tò ó lálẹ́ Sọ́ńdè, tó sì gba ibi iṣẹ́ lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ará ilé kejì ló máa ròyìn bó ṣe rí fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń da itọ́ lẹ́nu ṣùrùṣùrù, tó ń fi irin ṣe ara rẹ̀ léṣe lẹ́nu kó lè jáde, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá.

Ó ní àléébù o. Eyín 28 ni ọmọ ajá ń kọ́kọ́ hù. Láti bí oṣù kẹrin ni ìwọ̀nyẹn á ti máa ká, kí 42 ti àgbà sì tó hù tán, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń rún. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun irin yìí kò lè dúró níwájú ìyẹn. Ibi tí Dúdú ń gé jẹ ti bó, mi ò sì mọ ibi tí èépá rẹ̀ wọlé sí bí kò ṣe ikùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọgbà ń ha táìlì, ó sì ń pariwo. Àfi ká tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ pọ̀, ẹ má rà á, wọ́n á fi gun òkè. Ẹ wo àlàfo àárín ọ̀pá pẹ̀lú, torí orí ọmọ ajá kékeré lè há síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ méjì lẹ ní bíi tiwa, ẹ bọ́ bẹ́líìtì ọrùn wọn kẹ́ ẹ tó ti ọgbà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, eyín ọ̀kan lè há sí bẹ́líìtì èkejì, kí wọ́n sì fún ara wọn lọ́rùn. Ẹ má fi ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ jà sílẹ̀ fún wọn. Lálẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la ń mú wọn rìn, kí wọ́n má baà di ẹni tí kò lè dá wà láìsí èkejì.

Ní ti pádì, ẹ máa sún un sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì fi ọṣẹ tó ní amonia nu ilẹ̀. Òórùn ìtọ̀ ló ń rùn sí ajá.

Ẹni tí kò bá ní ẹni tó máa wá lọ́sàn-án, mi ò ní kó ra ọgbà yìí. Ajá tó ti dàgbà ni kó lọ wá. Fún àwọn yòókù, ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀dà tó ń bó ló gbé èyí tó kù lọ.