Galápagos: Ká Sùn Sínú Ọkọ̀ Ni, àbí Ká Máa Ti Ìlú Jáde Láràárọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ẹranko àti abẹ́ omi ní àwọn erékùṣù Galápagos, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Ecuador, ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Ó lè wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí, èyí tó máa ń kó èèyàn bíi mẹ́rìndínlógún, tó sì ń gbé wọn láti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Ó sì lè gba yàrá sí ìlú Puerto Ayora ní erékùṣù Santa Cruz, tàbí Puerto Baquerizo Moreno ní erékùṣù San Cristóbal, kó máa bá ọkọ̀ kékeré jáde láàárọ̀, kó wálé nírọ̀lẹ́. Mo ti ṣe méjèèjì. Ìtàn Darwin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ò sí níbí o, ẹ ti gbọ́ ọ tó.

Owó ìwọlé kò yàtọ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, 200 dọ́là ni ọgbà ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá ti òkèèrè wá. 100 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lo páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà á kọ́kọ́ gba físà Ecuador. Amọ̀nà pẹ̀lú ò yàtọ̀, torí òfin ló ní kí ó wà, òun náà ló sì ní kí ẹ jìnnà sí ẹranko tó mítà méjì. (Ẹ gbìyànjú àtisọ ìyẹn fún kìnnìún òkun, ẹranko tí wọ́n ń pè ní sea lion, tó wá ń gbóòórùn ẹsẹ̀ yín.)

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ni ọjọ́. Ẹ wo ìwé ìpolówó ọkọ̀ àsùn: "ọjọ́ márùn-ún." Ọjọ́ kìíní nínú rẹ̀ ni ọjọ́ tí bàálù yín balẹ̀ ní erékùṣù Baltra, níbi tí pápákọ̀ wà, ní ọ̀sán. Kí wọ́n tó kó ẹrù, kí wọ́n tó fi aṣọ amúniléfòó hàn yín, kí ẹ tó jẹun, etíkun kan ṣoṣo ló kù tí ilẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ dé. Ọjọ́ karùn-ún, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n á gbé yín padà sí pápákọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n ka ìyẹn sí. Bí alápatà tó ń fi egungun kún ẹran ni.

Èyí ṣì rọrùn láti rí. Èyí tó farasin ni pé ìrìn kúkúrú kì í dá dúró. Òfin ọgbà kò jẹ́ kí ọkọ̀ kan padà sí ibi tó ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ọ̀nà ọlọ́sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń rìn, wọ́n á wá gé e sí wẹ́wẹ́ tà. Níbi tí wẹ́wẹ́ kan bá ti parí, àwọn kan á sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé. Tí ọjọ́ pàṣípààrọ̀ yìí bá bọ́ sí àárín ìrìn yín, Santa Cruz ni ọkọ̀ á dúró sí. Wọ́n á kó yín lọ wo ahun ńlá ní òkè, àti Ibùdó Ìwádìí Charles Darwin. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó sùn ní Puerto Ayora á fi ẹsẹ̀ rìn dé ibùdó yẹn. Èmi san owó ọkọ̀ àsùn fún un. Nígbà tí mo bi ẹni tó tà á fún mi, ó ní ó wà nínú ètò. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀: "ìbẹ̀wò sí ibùdó." Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé omi ò ní kàn wá lára títí di ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: ọjọ́ wo ni èrò ń pààrọ̀? Aago mélòó la ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn? Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́ la ó fi snorkel, ọ̀pá tí a fi ń mí lójú omi, wọ omi? Tí ẹni tó ń tà á bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ìrìn ojoojúmọ́ náà ń jẹ àkókò. Láti Puerto Ayora, ẹni tó ń lọ sí Bartolomé á kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì dé Itabaca, ọ̀nà omi tóóró kan, lẹ́yìn náà ló tó kan ọkọ̀ omi. Ọkọ̀ tó ń lọ láti Santa Cruz sí erékùṣù Isabela ń gbá èèyàn mọ́lẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, pàápàá ní oṣù kẹjọ àti kẹsàn-án. Ẹ lo oògùn èébì kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n tí òkun bá ń ru lónìí, ẹ lè jókòó, kí ẹ jẹ ceviche, ẹja tí wọ́n fi omi ọsàn kíkan rẹ, kí ẹ lọ lọ́la.

Ohun tí ọkọ̀ àsùn ní, mi ò lè bù ú kù. Òru ló fi ń rìn, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ti débẹ̀. Erékùṣù Genovesa tí ẹyẹ booby ẹlẹ́sẹ̀ pupa kún, àti erékùṣù Fernandina, níbi tí iguana inú òkun, tó dà bí alángbá ńlá, ń tò lé ara wọn lórí àpáta, tí ẹyẹ cormorant tí kò lè fò sì ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi, ọkọ̀ àárọ̀-lọ-ìrọ̀lẹ́-dé kì í dé méjèèjì.

Yàrá: ti ìlú kì í mì. Oúnjẹ: ọkọ̀ borí. Ẹni tó dá wá: ọkọ̀ lè ní kó fi owó kún un nítorí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Méjèèjì ló dára, a ò ní tìtorí ọ̀kan bú èkejì. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, tí ètò rẹ̀ gba Genovesa tàbí Fernandina, tí èrò ò sì ní pààrọ̀ láàárín, kó wọ ọkọ̀. Àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká gba yàrá ní San Cristóbal. Kìnnìún òkun ń sùn lórí bẹ́ǹṣì etídò níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù kẹrin sí ìkejìlá tí ẹyẹ albatross wà ní erékùṣù Española, ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń lọ síbẹ̀. Ní Kicker Rock, àpáta inú òkun kan, ẹ ó dojú bolẹ̀ lórí omi láàárín àpáta méjì, ẹja shark á máa kọjá nísàlẹ̀. Ẹ kàn wọ ẹ̀wù rọ́bà tí ẹ ó fi wọ omi wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó kúrò: láti oṣù kẹfà sí ìkọkànlá, ìṣàn omi Humboldt ń gbé òtútù wá láti gúúsù, èyí tó bá sì fẹ̀ lọ́rùn, gbogbo rẹ̀ ló máa gbà sínú.